Ẹ̀kọ́ Tí Kò Dé Ilé Ìdáná

                                        Ilé Ìlera Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Yàrá Ìgbani-nímọ̀ràn.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé èyí tó máa ń fi ìka sẹ́nu sùn ti jáwọ́? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí níwájú àwọn ọmọ.

O ò ní gbàgbé Bàbá Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí wa, tí wọ́n rán aṣọ tó há mọ́ ọ ní ìbàdí nígbà tí ìwọ àti ikọ̀ rẹ wá ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru níbí, tí wọ́n sì ní ìbàdí rẹ ló jẹ̀bi. Ó dùn mí láti sọ fún ọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn. Apá ọ̀tún ni ó mú. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gé aṣọ nìyẹn, dókítà sì ní kò jọ pé yóò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ṣiṣẹ́ nígbà ìwádìí. Aláìsàn nìkan kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀. Ilé ìdáná là ń lọ, a ó jókòó ti ẹni tó ń se oúnjẹ, òun yóò fọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀, a ó sì jọ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́ ará ilé lẹ́nu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Nọ́ọ̀sì Má-jẹyọ̀. Òpópónà òkè nìkan ni iṣẹ́ náà dé. Òpópónà ìsàlẹ̀, tí a kò dé rárá kí ẹ lè fi wé tòkè, ni ilé Bàbá Télọ̀ wà. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi wá pé ìgbà wo ló máa kan àwọn. Èmi àti ìwọ la jọ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá ti yọrí sí rere, yóò di iṣẹ́ ojoojúmọ́, yóò sì kárí.

Ó yọrí sí rere. Ẹ kó ẹrù yín, ọ̀gá wa sì gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àwa méjì péré ló sì kù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ta ni yóò máa wọ ilé ìdáná kiri gbogbo àdúgbò? Ni wọ́n bá sọ ọ́ di ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ mèremère mọ́ ògiri, wọ́n sì fi orin àpàtẹ́wọ́ tì í. Mo ní ohun tó ṣiṣẹ́ gan-an la yọ kúrò yẹn. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, èrò ń wá. Èrò ń wá lóòótọ́. Àwọn ọ̀gá ìjọba tiẹ̀ wá yìn wá.

Bàbá Télọ̀ kì í pa Ọjọ́ Ajé jẹ. Iwájú ni wọ́n ń jókòó, àwọn ló ń bá mi gbé orin. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ fún ìyàwó ọmọ wọn tó ń se oúnjẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbàlagbà kì í bá ìyàwó ọmọ ṣẹjọ́ ọbẹ̀. Ohun tí ó bá gbé síwájú wọn ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì dúpẹ́.

Mo lọ kí wọn ní ọsibítù lánàá. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹ̀kọ́ wa: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn, ẹ má fi oògùn yín ṣeré. Wọn ò fo ọ̀kankan. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn kò ya olórí kunkun. Ìyàwó ọmọ wọn jókòó níbi ẹsẹ̀ wọn. Kò pariwo.

"Nọ́ọ̀sì, èmi ni mò ń se oúnjẹ yẹn. Ìgbà wo lẹ wá bá mi? Mo tiẹ̀ máa ń bu iyọ̀ kún tiwọn lọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn ní ẹnu àgbà kì í tètè mọ adùn."

Ìfẹ́ ló fi ń bu iyọ̀ náà, ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún ọ̀gá wa láàárọ̀ yìí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n fi í kún ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ajé. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n òun là ń ṣe níbí, pẹ̀lú orin.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Bàbá Télọ̀ ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí o fi aṣọ yẹn ránṣẹ́, pé bí ọwọ́ àwọn bá ti jí, àwọn yóò tú ìbàdí rẹ̀ fún ọ. Mo ní o máa fi ránṣẹ́.

Jọ̀wọ́, má fi ránṣẹ́.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                        Nọ́ọ̀sì Má-jẹyọ̀.