Àyè Kan Ṣoṣo ní Ọ́fíìsì Annemiek

                                        Ilé Tansey,
                                        Ọ̀nà Elphin,
                                        Strokestown,
                                        Roscommon,
                                        Ireland.
                                        15 Oṣù Kẹjọ, 2018.

Ríona, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ti ń gbé wọn rìn? Bàbá rẹ àti gbogbo ará ilé ní Tubbercurry ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀dá ọdún yìí jó koríko yín tán pátá. Ẹ kú ìrọ́jú, bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Bàbá mi ń kùn nípa oúnjẹ màlúù láti àárọ̀ dalẹ́, èyí ló fi hàn pé ara wọn le.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n fún ọ lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ yẹn ni onílé Rathmines ní Dublin fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn méjì ló fẹ́ gba yàrá rẹ̀ tàbí ẹnì kan, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, yunifásítì ò ní gba orúkọ mọ́ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan lórí ìṣirò owó. O tún bi mí pé kí ló dé tí mò ń fì síwá fì sẹ́yìn. Jókòó, kí n rò fún ọ.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì Galway, ìwọ ka èdè Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ di akáńtáǹtì lẹ́yìn irú oyè bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tìrẹ ni kéèyàn fi ọdún kan gba oyè kejì, kí wọ́n má béèrè àwọn ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kó wá wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Dublin. Òmíràn ni kéèyàn wọ ọ́fíìsì kékeré tààrà, kó máa ṣiṣẹ́, kó sì máa ṣèdánwò lórí iṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Lóòótọ́, mo gbà pẹ̀lú rẹ nígbà Àjíǹde pé ti Dublin la máa ṣe, mi ò sì parọ́ nígbà yẹn. Iṣẹ́ ìgbà ooru tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ Annemiek ló yí mi lọ́kàn padà.

Annemiek Visser jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó fẹ́ ará ìlú wa, ọ́fíìsì ìṣirò owó tirẹ̀ sì wà lókè ilé ìtajà oògùn. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á ṣépè fún àwọn tó ń ra màlúù. Ìgbà tí wọ́n bá di ilẹ̀kùn mú láti jáde ni wọ́n tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn ta ilẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá. Ríona, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn débi tó ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Ìtàn tí mo kà ò kúkú ṣòfò, torí ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, Annemiek pè mí. Ó ní àyè kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ òun fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ di akáńtáǹtì, pé ọ́fíìsì ló máa san owó ìdánwò, ṣé mo fẹ́ ẹ? Inú mi dùn kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n o mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa.

“Háà, rárá o,” ni mo wí. “Mi ò fẹ́ kó wàhálà bá yín. Ẹ máa rí ẹni tó dáa jù mí lọ.”

Mo wá dúró kó tún un bi mí.

“Ó dáa,” ni Annemiek wí. “O ṣé tí o sọ ọ́ tààrà.” Ló bá dìde, ó lọ ti fèrèsé.

Nígbà tí mo rò ó fún Màámi, wọ́n ní mo ṣe dáadáa. “Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn ń gba nǹkan ni? Àbí o fẹ́ kó pè ọ́ ní ọ̀kánjúwà? Ó ń bọ̀ wá bi ọ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí o gbà.” Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. Nílé yín, mo gbọ́dọ̀ kọ tíì ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á, bí wọ́n bá sì gbàgbé bi mí lẹ́ẹ̀kejì, òùngbẹ ló máa sìn mí délé.

Annemiek ò bi mí mọ́. Ó ń kí mi, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe owó orí àwọn ọlọ́sìn àgùntàn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àyè yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ibi iṣẹ́. Mo ń sọ ọ́ sókè létí rẹ̀ pé ilé gbígbé ní Dublin ti wọ́n jù. Kò já sí nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cathal Brogan wá láti Athlone pẹ̀lú kóòtù àti táì, òun àti Annemiek wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé tíì lọ fún un. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún ní kí n bá òun fi ṣúgà sí i. Inú bí mi gan-an, kì í ṣe sí Cathal, sí ara mi ni.

Àná ni mo kan ilẹ̀kùn Annemiek. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àyè tí ẹ fi lọ̀ mí lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ ẹ. Àtìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ ẹ.”

Ó ní, “Dervla, mo bi ọ́, o ní o ò fẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa bi ọ́ sí? Ṣé adití ni mí ni?”

Mo ṣàlàyé pé bá a ṣe ń dáhùn níbí nìyẹn, pé rárá àkọ́kọ́, ti ìwà ọmọlúàbí ni. Ó fọwọ́ lérí. “Yéè! Bí ọkọ mi náà ṣe ṣe mí nìyẹn. Mo ní ká fẹ́ra wa, ó ní òun ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Mo di ẹrù mi, ó di Utrecht, ìlú mi! Ìyá rẹ̀ ló wá ń bẹ̀ mí lórí fóònù.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé Cathal ti fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ajé, àti pé agbára ọ́fíìsì òun ò gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ọ̀nà kan ló kù, ó sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an. Kí n wá ṣe akọ̀wé kékeré lọ́dọ̀ òun, kí n máa lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún ọdún méjì, kí n gba ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń ran akáńtáǹtì lọ́wọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí n tó bẹ̀rẹ̀ ti akáńtáǹtì gan-an. Owó oṣù rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó ní kí n lọ rò ó. Mo ní mi ò rò ó, mo gbà á. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó ti ń bẹ̀rù wa báyìí.

Màámi ní ojú ti àwọn, pé mo lọ tọrọ iṣẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Mo ní, “Màámi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.” Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa bu oúnjẹ, ẹran tèmi pọ̀ ju ti Bàbá lọ.

Nítorí náà, Ríona, mi ò ní wá sí Dublin. Jọ̀ọ́, tètè wá ẹlòmíràn tí ẹ máa jọ gba yàrá. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti ń fọkàn yàwòrán bí a ó ṣe jọ máa kàwé níbẹ̀. Má tìtorí mi yí tìrẹ padà o. Ìwọ fẹ́ràn èrò, o sì fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Paris lọ́jọ́ iwájú, ọ̀nà ńlá ló bá ọ mu. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ di akáńtáǹtì nínú àwa méjèèjì, mo sì máa jowú rẹ díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Bá mi kí ìyá rẹ àti bàbá rẹ. Sọ fún àbúrò rẹ pé mo ṣì ń retí ìwé ìtàn mi tó yá.

Mo mọ̀ pé bí o bá ka èyí tán, o máa pè mí láti bẹ̀ mí. Pè mí o, mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Ṣùgbọ́n ní ti yàrá yẹn, rárá ni mo wí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ jẹ lógún,

Dervla Tansey.