Ọjọ́ Dókítà Ojú ní Èdè Mẹ́ta

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ rẹ obìnrin tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Mo lérò pé ẹ ń ti fèrèsé ẹ̀yìn yẹn dáadáa, nítorí atẹ́gùn àsìkò yìí kò ṣe é fojú di fún àgbà. Ara tèmi le díẹ̀, àfi oorun tí kò wá. Ìyàwó mi ní ìrònú ló ń lé e, mi ò sì lè jiyàn.

Má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń rí i bó ṣe ń dún. Mò ń jowú rẹ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n má baà tún rí ibi sá sí.

O rántí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé-ìtẹ̀wé lóṣù kẹfà, tí Alága gbé fóònù rẹ̀ yí gbogbo yàrá ká, tó ń fi ìkànnì ayélujára tí o ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ hàn wá. Èdè márùn-ún. Ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń lọ geere." Mo pàtẹ́wọ́ tipátipá. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń tọ́jú ìkànnì ẹgbẹ́ wa ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, kò sẹ́ni tó gbé e yí yàrá kankan ká rí. Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ. Ìwọ gbé tìrẹ sí gbangba, o tún wá jókòó tì mí, o ń bi mí bóyá mo fẹ́ kí o yẹ tèmi wò.

Àánú lo fi ṣe é, mo mọ̀. Àánú náà ló dùn mí jù. O ní kí n yọ àwọn àsíá tí mo fi ṣe àmì èdè, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka Faransé kò dé ilẹ̀ Faransé rí. Kí n kọ orúkọ èdè kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́. O ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ lójú-ìwé mi há jù, pé ọ̀rọ̀ Faransé ń yọ ẹsẹ̀ síta bí ọmọ tó ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Ìyẹn pa gbogbo tábìlì lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lo wá rọra sọ pé, "Oníyèméjì, ọjọ́ tí dókítà ojú ń wá sí ẹgbẹ́, má kọ ọ́ sí ojú-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ ọ́ síbì kan ṣoṣo, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lọ mú un níbẹ̀. Èèyàn máa ń gbàgbé." Mo ní o ṣeun. Nígbà tí mo délé, mo yọ àsíá, mo mú kí bọ́tìnnì fẹ̀ sí i, nítorí gbogbo ayé ló ń rí ìyẹn. Ti ọjọ́ dókítà, tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di tìrẹ.

Lóṣù tó kọjá, dókítà yí ọjọ́ rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Mo tún ti Yorùbá ṣe, mo tún ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ni ìyàwó mi bá ké sí mi pé omi ti ń kún ilé ìdáná. Mo sáré lọ ti ẹ̀rọ omi. Mi ò padà dé ìdí ti Faransé mọ́.

Èèyàn mẹ́rin tó ka ti Faransé ló wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mẹ́ta padà sílé, wọ́n tún wá ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni kẹrin ni Baba Epo, ẹni tó máa ń fi epo sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún wa, tó ń fi Faransé bú èyí tó bá dákú. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ibi ìpàdé wa láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà kò lè gba àyè níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, wọn kò sì lè wá ní Ọjọ́bọ̀. Oògùn ojú baba ti tán, dókítà kò sì ní í padà wá títí di oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ náà wá bá wa nípàdé. Ó ní, "Ẹ̀yin baba, èmi ni mo ka ohun tí ẹ kọ sí bàbá mi létí. Ṣé àwọn tó ń gbọ́ Faransé ni ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ríran ni?" Alága yíjú sí mi. Mo purọ́. Mo ní fóònù rẹ̀ ló tọ́jú ojú-ìwé àtijọ́ pamọ́. Òótọ́ ni pé fóònù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ náà dùn ún pa. Alága ní ó dáa, kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá rí i pé iṣẹ́ náà ti ju agbára mi lọ, kó gbà á. Mo délé, mo yí páásíwọ́ọ̀dù padà kí o má baà rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀rọ̀ Baba Epo ni kò jẹ́ kí n lè gbé irọ́ náà mì. Lánàá mo lọ sílé rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó kàn bi mí bóyá mo ti tún un ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ohun tí o sọ yẹn jìjàkadì: ọjọ́ dókítà ti wà níbì kan ṣoṣo, bí mo bá yí i, èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yí pa pọ̀. Ó ṣiṣẹ́, ó sì bí mi nínú pé ó ṣiṣẹ́. Mo ti bẹ dókítà. Ó ní kí wọ́n mú baba wá sí ilé-ìwòsàn òun lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo máa mú un lọ.

Màá sọ òótọ́ fún Alága lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o gba ìkànnì náà, gbà á, mi ò ní í bá ọ jà. Mo kàn bẹ̀ ọ́ kí o má pa orúkọ mi rẹ́ nísàlẹ̀ ojú-ìwé. Kọ tìrẹ sí abẹ́ rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ. Ìyàwó mi ń kí yín, ó ní kí ẹ wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Páásíwọ́ọ̀dù tuntun wà lábẹ́ orúkọ mi. Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo ṣe é, mi ò sì rántí bí wọ́n ṣe ń yí i padà mọ́. Nígbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Alága dúró lẹ́yìn rẹ.

Tìrẹ náà ni mo jẹ́, tòun ti owú mi,
Oníyèméjì.

opelenge-duro-sita