Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Àjàgbé, ọkọ mi,

Ìròyìn àná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ yìí: wọ́n ti sin Fàtímọ̀, ìyàwó Mùstàfá ọ̀rẹ́ yín. Ọkọ̀ tí Mùstàfá fi ń sáré ìje ló gbókìtì ní Òṣú. Bẹ́líìtì di òun mọ́ àga, kò fara pa. Fàtímọ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní bẹ́líìtì; orí títì ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ra àga tuntun, bẹ́líìtì àti akoto sínú ọkọ̀ ìje tiyín, fún ara yín nìkan. Nígbà tí mo béèrè tèmi, ẹ rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ṣáà di ilẹ̀kùn mú, Àpìkẹ́." Mo sì dì í mú títí dé Òṣogbo lánàá. Bí mo bá dijú báyìí, ara mi ni mo ń rí lórí títì.

Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀ lọ kí Mùstàfá. Títí ẹ ó fi ra bẹ́líìtì tèmi, mi ò ní bá yín wọ ọkọ̀ yẹn mọ́.