Ìyá mi sọ fún dókítà pé kò sí eku nílé wa

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, ni dókítà béèrè lọ́wọ́ wa bóyá eku wà nílé wa... ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibà tí a rò pé malaria ni kò gbọ́ oògùn, ọ̀fun ń dùn ún, ó ń bì. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wa. Ìyá mi dáhùn kíá: "Eku kẹ̀? Dókítà, ṣé ẹ rí wa bí ará ààtàn ni?" Ìyá àfẹ́sọ́nà ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre, ìyàwó mi mọ́ ju ẹ̀yin dókítà lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Eku wà nílé wa. Wọ́n pọ̀. Àgbowó là ń gbé, ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn fèrèsé kíṣìnì wa tí gbogbo àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí, àtìgbà tí wọ́n sì ti dáná sun igbó ibẹ̀ ni àwọn eku ti ń gba ihò àjà wọlé. A rí ìgbẹ́ wọn nínú ike gàrí tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́, ìyá mi fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Gàrí yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń mu lọ́sàn-án. Èmi kì í mu gàrí... ṣé ìdí tí mi ò fi ṣàìsàn nìyẹn?

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ìdána ti sún mọ́lé. Wọ́n ní tí mo bá lè fi orúkọ Lassa, ibà eku tó ń ran èèyàn yẹn, kan ọmọ àwọn, tí ìdána náà bá fi dàrú, èmi ni wọ́n máa bi. Mo gbà. Kì í ṣe pé mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi yé... ara mi kàn dákẹ́ ni. Mi ò tíì sunkún. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀, mò ń wo fáànù, bíi pé ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ló wà nínú lọ́hùn-ún.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì rẹ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà ló nù ún. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní ìbọ̀wọ́, wọn ò wọ̀ ọ́, wọ́n ní ọmọ àwọn ni, àwọn ò lè máa kórìíra ọmọ àwọn. Wọ́n sì kó aṣọ rẹ̀ lọ fọ̀. Ẹni tí à ń torí ẹ̀ purọ́ gan-an nìyẹn... bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bu omi.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú ìyá rẹ̀? Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ṣé dókítà ni, àbí màmá tó ń fọ aṣọ?