Irun Tí Mo Fá fún Ọrọ́ Ìyá Fabián

Obdulia, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìlú ńlá ò fìyà jẹ ọ́? Kí Màríà Wúńdíá má ṣe gbójú kúrò lára rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò dùn ún, wàá sì gbọ́ ohun tó fi ẹnu náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọrọ́ inú ìkòkò tí o gbé sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ, èyí tí ìyá Fabián àfẹ́sọ́nà rẹ fún ọ, tó ní bí o bá lè tọ́jú ẹ̀ ni òun á tó gbà pé o lè tọ́jú ọmọ òun. Èmi ò kúkú mọ̀ pé ọrọ́ ń gbé inú ilé. Níhìn-ín, ọgbà la fi ń ṣe, èyí tó bá rọ̀ nínú ẹ̀, a ó họ ẹ̀gún ẹ̀, a ó fi jẹ tọ́tíyà àgbàdo. Àmọ́ o ní ojú fèrèsé ni kó máa gbé, mo sì gbé e síbẹ̀. O tún ní n má fún un lómi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Háà, Obdulia! Àlejò wo là ń fi òùngbẹ pa báyẹn? Mo kàn ń fi òwú tútù nu ẹnu ẹ̀ láàárọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ibi tẹ́nu ẹ̀ wà gan-an. Ọjọ́ tí o pè tí o ní o fẹ́ rí i lórí fóònù, mo gbé fóònù tì í, mo sì jáde kí ẹ̀yin méjèèjì lè sọ̀rọ̀ àṣírí yín.

Wàhálà dé nígbà tí ìyá Fabián ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Kandeláríà. O mọ ọjọ́ yẹn lọ́dọ̀ wa, kò sílé tí kì í wọ aṣọ tuntun fún ère Jésù Ọmọdé kí wọ́n tó gbé e lọ gbàbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá rò ó pé ṣé ọrọ́ àna wa nìkan ló máa jókòó sílé níhòòhò ni? Mo hun ẹ̀wù funfun kan fún un. Àmọ́ irun funfun tó bo gbogbo ara ẹ̀ yẹn, tó rí wúruwùru bí irùngbọ̀n arúgbó, kò jẹ́ kí ẹ̀wù wọlé. Mo bá mú abẹ bàbá rẹ, mo fá a, mo sì họ ẹ̀gún abẹ́ ẹ̀ bí mo ṣe ń họ èyí tí à ń jẹ. Ó ń dán gbinrin! Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, Fáda wọ́n omi sí i lórí, ó wo ojú mi, ó sì wọ́n sí èmi náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí a délé ni bàbá rẹ tó pariwo pé irun yẹn gan-an lẹwà ẹ̀, òun ni ìyá Fabián fi ń yangàn, pé mo ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́. Mo sáré gbé ọrọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó panu mọ́.

Ìyá Fabián dé tòun tebi. A gbé tàmálè inú ewé fún un, àti ọrọ́ tí mo fi ẹyin dín. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó wá bèèrè pé ọrọ́ òun dà. Kí n tó lanu, bàbá rẹ ní ṣebí ọrọ́ ilé wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán yẹn, kó má tijú, kó bù sí i.

Yéè! Obìnrin náà figbe ta, ó di ikùn mú, ó ní òun ti jẹ ohun tí òun ti ń tọ́ kí òun tó lọ́kọ. Mo sáré gbé ọrọ́ jáde tòun tẹ̀wù, mo ń kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ló bá já a gbà, ó gbá a mọ́ra, ó ń fẹnu kò ó lórí, ó ń sunkún pé kò kú, kò kú. Bí mi ò bá sì fá a ńkọ́? Ẹ̀gún ì bá ti gún un lẹ́nu!

Ìgbà tí ara ẹ̀ balẹ̀ ló tó rí i pé orí ọrọ́ ti pá. Ó wò ó títí, ó wò mí títí. Ó ní kò burú, ìgbéyàwó dúró. Mo ti fẹ́ máa jó, ló bá ní àmọ́ o, ọjọ́ tí Obdulia bá bímọ, òun lòun máa wẹ ọmọ náà, ìyá Obdulia ò gbọdọ̀ sún mọ́ orí ẹ̀.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Jọ̀ọ́, fi péésò díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra òróró tó ń hu irun fún ọrọ́, kí n sì tọ́jú owó ọkọ̀ pamọ́, torí ọjọ́ tí o bá bí, kí obìnrin yẹn tó wá bàtà ẹ̀, mo ti gbómi kaná. Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ, á sì jẹ́ kó tètè hurun.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò fá orí ọmọ ènìyàn rí,
Eduviges