Ojú Ẹ̀rín Lára Ògiri

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì
Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti ibi tó ti lọ kọ́ bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré — ó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, inú ìwé yìí ni kó mọ. Ó ra ẹ̀rọ kan, ó kàn án mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé wa. Ẹni bá wọlé, kó tẹ ojú ẹ̀rín tàbí ojú ẹkún síwájú orúkọ ara ẹ̀. Ìwádìí ló ní òṣìṣẹ́ tí inú ẹ̀ ń dùn ló ń mówó wọlé. Ìwádìí! Irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ lára ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà ti ṣẹ́ tipẹ́. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Túsìdè, 4
Bàbá Ọlọ́bẹ, tó ń gé bébà, tẹ ojú ẹkún. Òun nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é wọlé. Nígbà tó jáde, ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní mò ń ba ọkàn àwọn tó kù jẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Tọ́sìdè, 6
Ẹ̀rín, ẹ̀rín, ẹ̀rín. Gbogbo wa. Èmi náà — ara mi kó mi nírìíra.

Fúráìdè, 7
Mo bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí irin tó ṣẹ́ yẹn. Ó ní aṣíwájú kì í fẹ́ ẹjọ́, ojútùú ló ń fẹ́. Ó ní àwọn olùwádìí láti ibi tí òun ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ ní Mọ́ńdè wá fi ọ̀sẹ̀ kan wo bí òun ṣe ń darí, kí n jẹ́ kí wọ́n lọ ná. Ẹnu dídùn bí oyin.

Mọ́ńdè, 10
Ọ̀bẹ ti gé Bàbá Ọlọ́bẹ. Ìka méjì. Mo fi ìborùn mi dì í, ẹ̀jẹ̀ kún bàtà mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré dé — mo rò pé ó fẹ́ bá mi gbé e ni. Ó ní, "Ẹ gba ẹ̀yìn jáde, àwọn àlejò wà níwájú."
Ìyá kan náà ló bí wa o. Ṣíọ̀!

Túsìdè, 11
Ilé ìwòsàn, lẹ́yìn iṣẹ́. Wọn ò rí ìka méjèèjì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ padà.

Wẹ́sìdè, 12
Mo wo ẹ̀rọ ara ògiri. Lánàá, òṣìṣẹ́ pé, gbogbo ojú ń rẹ́rìn-ín. Ti Bàbá Ọlọ́bẹ tó wà ní ilé ìwòsàn náà! Mo bi Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́, kó má baà ba iṣẹ́ àwọn olùwádìí jẹ́."
Mo mú báàgì mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo tẹ ojú ẹkún, mo bá tèmi lọ. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́ láé.
Tó bá dọ̀la, Ọ̀jọ̀gbọ́n á bá èmi náà tẹ ẹ̀rín.