Ipa Bàtà Lórí Ilẹ̀ Àánú

Èmi, Ìfẹ́dayọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Odùkọ̀yà, aránṣọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imusin, tí mo ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi sì ríran. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àìsàn ló ń ti ẹnu mi sọ̀rọ̀, ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí, bí mo ṣe rí i:

Ilẹ̀ Àánú ìjọ wa, ọgbà àdúrà oníyanrìn níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ bàtà. Ojú ìgbálẹ̀ mi ti ìrọ̀lẹ́ àná lórí iyanrìn. Ipa eékún Màmá, ìyá ọkọ mi, àti ibi tí wọ́n dojúbolẹ̀ sí. Àbẹ́là kan tó ti yọ́ tán. Ipa bàtà láti ẹnu géètì dé ẹ̀gbẹ́ orí wọn, tó sì padà. Ti ẹsẹ̀ òsì wọlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Kò sí ohun mìíràn.

Màmá ti sáré wálé kí n tó débẹ̀. Wọ́n ń ké pé áńgẹ́lì Olúwa dúró ti àwọn nínú aṣọ funfun, ó ní kí ọ̀bẹ dókítà má kàn mí. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ti ń fún mi lọ́fun. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gé e ní ọsibítù tí mo ti ń kọ èyí.

Ìkínní. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Ọmọ́tọ́lá, kí ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Timothy Odùkọ̀yà, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi Dàpọ̀, tí mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí, ni kí ó máa yọjú sí i. Bùọ̀dá mi, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ilé yìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ ṣáà máa wá.

Ìkejì. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti àlùmọ́gàjí mi, Ọmọ́tọ́lá ló ni wọ́n. Kí Dàpọ̀ tọ́jú wọn dè é.

Èmi ni mo rán púpọ̀ nínú sutana ìjọ wa, nítorí náà aṣọ funfun kì í dẹ́rù bà mí. Àwọn mẹ́ta tí Ábúráhámù sáré pàdé, omi ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Ènìyàn Ọlọ́run ni ìyàwó Mánóà pe ẹni tó wá bá a. Kò sẹ́ni tó fi aṣọ mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ la fi mọ̀ wọ́n.

Ìkẹta. Àgùntàn mi méjèèjì, kí wọ́n fún Màmá.

Àwọn ló wẹ ọmọ mi láti ọjọ́ tí mo bí i títí ó fi jókòó. Mi ò ní gbàgbé. Ìjà wa kò ju ti áńgẹ́lì lọ. Wọ́n ní Máíkẹ́lì ni Áńgẹ́lì Olúwa tó bá Hágárì sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni náà ṣèlérí ọmọ lórúkọ ara rẹ̀, bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣèlérí. Wọ́n ní, hẹn, ìwé mẹ́wàá tí mo kà ti jẹ́ kí n mọ àwọn ará ọ̀run ju àwọn tí ń rí wọn lọ. Mo dákẹ́. Màmá, dídákẹ́ kọ́ ni gbígbà o. Mi ò tíì gbà títí di òní.

Ìkẹrin. Ilẹ̀ mi ní Ijagun, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù tó wà lórí rẹ̀, ọkọ mi Timothy ló ni ín.

Bàbá Tọ́lá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbí. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì yín kúrú láti kékeré. Ẹ ò lè rìn láìsí bàtà onítẹ̀lẹ̀ nínípọn yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń jókòó lẹ́yìn fẹ́ǹsì ìjọ, tí ẹ kì í fi bàtà tẹ Ilẹ̀ Àánú. Ibẹ̀ ni mo ti rí yín, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn yín. Láàárọ̀ yìí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀: orí tábìlì dókítà ni Ayọ̀fẹ́, àbúrò yín, kú sí. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá bẹ̀ mí, màá ṣì lọ. Ẹ wá gbé aṣọ funfun wọ̀, ẹ yí ohùn yín padà, ẹ sì lọ yá ẹnu áńgẹ́lì lò. Ojú Màmá ti ń ṣú, wọ́n sì dojúbolẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ àwọn ni. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá ipa bàtà náà rẹ́.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Wòlíì Hágáì pàápàá, ońṣẹ́ Olúwa ni Ìwé Mímọ́ pè é, ẹlẹ́ran-ara sì ni. Ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Ọlọ́run fi bá Báláámù wí. Bí ọkọ mi bá purọ́ pé òun ni áńgẹ́lì, tí iṣẹ́ náà sì wá jẹ́ ti Ọlọ́run ńkọ́? Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá, mo yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Hágárì nínú aginjù, Gídéónì, Màríà, àwọn olùṣọ́-àgùntàn: má bẹ̀rù ni gbogbo wọn gbọ́. Èyí tó wá láàárọ̀ yìí, ìbẹ̀rù nìkan ló gbé wá. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, bó tilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ìkarùn-ún, tí ó ṣe pàtàkì jù. Bí n kò bá jí lórí tábìlì náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún Ọmọ́tọ́lá láé pé áńgẹ́lì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀, kò sì gbọ́. Mo mọ àwọn ará ìjọ wa. Wọn yóò fi mí jẹ́rìí láàárín ìsìn. Ọmọ tó bá gbọ́ irú rẹ̀ yóò máa sá fún Ọlọ́run bí ẹni ń sá fún ajá olójú pípọ́n. Bàbá Tọ́lá, ẹ jẹ́wọ́ fún Màmá kí wọ́n tó sin mí. Bí ẹ bá kọ̀, kí Dàpọ̀ ka abala kẹrin sókè létí wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí, kí ó dá ìwé yìí padà fún mi bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ pa; èmi pẹ̀lú yín la ó jọ sọ ọ́ nínú yàrá wa.

Mo fọwọ́ sí i ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹ̀bìbì, ọdún 2024.

Ìfẹ́dayọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Odùkọ̀yà

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí kò sí ogún kankan fún wọn nínú rẹ̀:
Kúbúrátù Gbàdàmọ́sí, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tèmi
Adélékè Ọ̀sìnọwọ̀, nọ́ọ̀sì

Àfikún, kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa: láti ọ̀sán ni nọ́ọ̀sì ti ní kí n dùbúlẹ̀, ara mi kọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ kí n tó gbà, tí mo sì fi orí lé ìrọ̀rí.